Agolo Tínà Orí Fàráńdà

Kò sẹ́ni tó rí Odelia lọ́jọ́ náà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì ń tún sọ láti ìgbà náà wá, bí ẹni ń ka ilẹ̀kẹ̀ àdúrà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òpópónà dá páropáro. Ajá Ti-Nol aládùúgbò rẹ̀ nìkan ló wà lábẹ́ igi, ajá náà sì ń sùn.

Ohun tó ṣe kì í ṣe ohun ńlá. Ká tilẹ̀ sọ òótọ́, kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó yẹ kó gbé kúrò nílẹ̀ ni kò gbé. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Ó bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń fọ abọ́, ó tún bi ara rẹ̀ nígbà tó ń ṣa ẹ̀wà pupa.

Ilé Odelia Zeno ló kángun sí ọgbà ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ní Petit Bois, létí Odò Misisípì. Ara wáyà ọgbà náà ló ń sá aṣọ sí nígbà kan, kí wọ́n tó wá sọ fún un pé kó yé sá a síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Tàńtí Euphrasie ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú bọ́kẹ́ẹ̀tì, fàráńdà Odelia ni gbogbo ojú yí sí. Kò lè kọ̀. Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí Tàńtí Euphrasie lẹ́nu? Ìyá náà ló gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun lásán ni, irú èyí tí gbogbo ilé fi ń po ẹfun tí wọ́n fi ń kun ibojì lọ́dọọdún. Àmọ́ ọ̀rá kan wà nínú tirẹ̀, ìdérí rẹ̀ le, wọ́n sì ti ẹnu kékeré kan bọ orí rẹ̀ tí wọ́n ń yí bí ẹnu ẹ̀rọ omi. Bí òórùn ilé-iṣẹ́ bá ti dé, kí Odelia tan ẹ̀rọ oníbátìrì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó yí ẹnu náà, ọ̀rá yóò sì wú díẹ̀díẹ̀, yóò gba afẹ́fẹ́ sínú. Wọ́n á gbé ọ̀rá náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Bí ilé àyẹ̀wò bá rí májèlé níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kò tún ní lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

"Gbọ́ mi dáadáa o, Odelia," ni Tàńtí Euphrasie wí lọ́jọ́ tó gbé e wá. "Má yí i níbi tí iná wà. Má yí i níbi tí èéfín wà. Má fi lọ́fínńdà para. Kí ọ̀dà má sí nítòsí. Ohunkóhun tó bá bá a wọlé, àwa ni wọ́n máa fi ṣẹ̀sín."

"Mo ti gbọ́, Tàńtí."

"Gbígbọ́ nìkan kọ́ ni mo fẹ́. Tún un sọ."

Odelia tún un sọ, bí ọmọ ilé ìwé.

Gbogbo wọn ló mọ ohun tí wọ́n ń wá. Àwọn aláwọ̀ funfun tó ń gbé ní òdìkejì títì ńlá, ilé-iṣẹ́ ti ra ilé wọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti kó lọ síbi tí èèyàn ti lè ṣí fèrèsé sùn. Àwọn dúdú Petit Bois, tí baba ńlá wọn gé ìrèké lóko ẹrú lórí ilẹ̀ yìí kan náà, ni ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n lọ mú ẹ̀rí wá kí òun tó ra tiwọn. Atẹ́gùn kan náà ló ń fẹ́ sí ìhín àti ọ̀hún. Wọn ò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tọ̀hún. Kezia, ọmọ-ọmọ Tàńtí Euphrasie, kì í lè sáré dé ìdí igi kí ikọ́ fée tó dá a jókòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iṣẹ́. Koríko nìkan ni àwọn dúdú máa ń gé fún ilé-iṣẹ́ náà. Anatole, ọkọ Odelia, gé koríko wọn títí ọ̀fun rẹ̀ fi dí, tí kò lè gbé omi mì mọ́. Lucien ọmọ rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ ní òpópónà wọn tí wọ́n mú wọ inú ilé-iṣẹ́ gan-an, tí wọ́n fún ní akoto tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Odelia máa ń nu akoto náà fún un lárààárọ̀ bí ẹni ń nu ife ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àsìkò kíkun ibojì ti ń sún mọ́lé, Lucien jókòó ti abọ́ ọbẹ̀ gọ́ńbò, kò jẹ.

"Màmá, ọ̀gá mi béèrè yín lónìí."

"Èmi? Níbo ló ti mọ̀ mí?"

"Ó ní òun gbọ́ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lórí fàráńdà yín."

Odelia fi ṣíbí sílẹ̀. "Kí lo wá sọ?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní bọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ nílé wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kí yín."

"Kò sọ nǹkan míì?"

"Ó ní kí n kí yín, Màmá. Bó ṣe sọ nìyẹn."

Ọ̀gá tí kò kí ọkọ rẹ̀ rí títí ó fi kú, tí kò rán èèyàn wá sí ìsìnkú, òun ló wá ń kí i. Ìyẹn bà á lẹ́rù ju pé kí ọkùnrin náà bú u lọ. Ní òru yẹn, gbogbo ìgbà tí ajá bá gbó ló ń jí.

Ọwọ́ Odelia kì í gbọ̀n. Ìwé tó kà kò tó nǹkan, àmọ́ òun ni wọ́n máa ń gbé àgbélébùú onígi ibojì wá fún kó tó di Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, kó fi ọ̀dà dúdú tún orúkọ òkú kọ. Ẹfun ni wọ́n fi ń kun ibojì, ẹfun kì í rùn. Ọ̀dà olóròóró ló wà fún orúkọ, tínà, omi olóòórùn tó ń yọ́ ọ̀dà, ni wọ́n sì fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ń wí yìí, àwọn àgbélébùú wà lórí fàráńdà, ó tò wọ́n ti ògiri kí wọ́n gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì wà nínú agolo tínà. Agolo náà wà lẹ́sẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Òórùn dé.

Kì í ṣe kékeré. Ó dùn lọ́nà burúkú, bí èso tó ti jẹrà, ó sì ń ta ọ̀fun. Omi bọ́ lójú Odelia. Ó dìde, ó tan ẹ̀rọ. Ó na ọwọ́ sí ẹnu tó ń yí. Ìgbà yẹn ló rí agolo náà.

Ó rí i. Kò lè sọ láéláé pé òun ò rí i. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni fẹ́ gbé e. Nígbà náà ni ó rántí akoto Lucien, ó rántí "ó ní kí n kí yín." Ó ní, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, ká tó wá sọ ti ọmọ tó dára. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì. Agolo wà níbi tó wà.

Ọ̀rá náà wú, ó mọ́ gaara. Èèyàn ò lè fi ojú rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

*

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ tí àbájáde dé. Ọ̀gbẹ́ni Hadley ni ilé-iṣẹ́ rán wá, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó máa ń wọ bàtà rírọ̀, tó mọ orúkọ àwọn àgbàlagbà mélòó kan, tó sì ń fi pè wọ́n.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "a jọ rí ohun tí ilé àyẹ̀wò sọ. Ohun tó wà nínú ọ̀rá yín, òun náà ló wà nínú ọ̀dà àti tínà. Wọn ò lè ya ọ̀kan kúrò lára ìkejì. Àsìkò tí ẹ ń kun ibojì la sì wà, àbí mo purọ́? A ò bá yín jà. Ẹ ṣáà máa ṣọ́ra bí ẹ bá ń kun nǹkan, nítorí àwọn ọmọdé. Ní ti ọ̀rọ̀ ríra ilé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé láìsí ẹ̀rí, kò sí ohun tá a lè gbé lọ sí òkè."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìtìjú. Ti-Nol, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Odelia, dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Àwa la wá ń fi ọ̀dà pa ara wa báyìí. Tiyín, òdòdó lẹ̀ ń tú síta."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi."

"Èmi kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Ká ní ọ̀rẹ́ yín ni mí, ẹ ò bá ti ra ilé mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín gidi sí ìyẹn, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. Odelia kò gbé ojú sókè. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ èékánná rẹ̀, níbi tí ọ̀dà dúdú díẹ̀ kù sí. Ó fi ọwọ́ náà sábẹ́ itan.

Lẹ́yìn ìpàdé, Tàńtí Euphrasie fà á lápá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Odelia, èmi ni mo bà á jẹ́."

"Ẹ̀yin? Báwo, Tàńtí?"

"Èmi ni mo fi ọ̀rá yẹn sínú rẹ̀. Wo ọwọ́ mi." Ó na ọwọ́ méjèèjì jáde. Wọ́n ń gbọ̀n bí ewé. "Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo kun àga mi. Mo kun àga, mo wá fi ọwọ́ kan náà gbá ọ̀rá mú. Arúgbó aláìmọ̀kan. Èmi tí mo ń kọ́ ẹlòmíì."

"Ẹ̀yin kọ́, Tàńtí."

"Ta ni, nígbà náà?"

Odelia la ẹnu. Ó rí Lucien lọ́nà jíjìn, lẹ́nu ọ̀nà, akoto lábẹ́ apá, ó ń dúró dè é. "Mo ní… ó lè máà jẹ́ ẹnì kankan."

"Òórùn kì í ṣàdédé wọlé láìsí ẹni tó mú un wá," ni Tàńtí Euphrasie wí. Ó mú ọ̀rá tuntun kan tí wọ́n ká jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi lé Odelia lọ́wọ́. "Ìkan tó kù nìyẹn. Jù ú nù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn náà, fi po ẹfun. Kezia ní kí n sinmi. Ọmọ tí kò lè mí, òun ló ń sọ fún mi pé kí n sinmi."

Nílé, Lucien bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé kíákíá.

"Màmá, ọ̀gá mi tún kí yín."

Odelia ń bu oúnjẹ sí abọ́.

"Ó ní ẹ kú iṣẹ́." Ó wò ó. "Iṣẹ́ kí lẹ bá a ṣe?"

"Jẹun, Lucien. Oúnjẹ ń tutù."

"Mo ní iṣẹ́ kí ni, Màmá?"

"Mo ní kó o jẹun."

Ó jẹun. Àwọn méjèèjì jẹun láìwo ojú ara wọn. Láti ọjọ́ yẹn, Lucien fúnra rẹ̀ ló ń nu akoto rẹ̀.

Odelia kò fi bọ́kẹ́ẹ̀tì náà po ẹfun. Ó gbé omi lẹ́ẹ̀kan kó dà á sínú rẹ̀, ó tún gbé omi náà sílẹ̀. Èéfín kì í ṣeé fi apẹ̀rẹ̀ bò, ìyá rẹ̀ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ó fọ ọwọ́ rẹ̀ ní àfọ̀túnfọ̀, ó tẹ́ ọ̀rá tuntun náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dè é le. Kò tíì sọ fún ara rẹ̀ ìdí tó fi ṣe é.

*

Inú ọgbà ilé-iṣẹ́ ni ibojì Petit Bois wà. Oko ìrèké ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ra oko, ó ra òkú mọ́ ọn. Bí èèyàn bá fẹ́ rí ìyá rẹ̀, géètì ni yóò gbà, níwájú ẹ̀ṣọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n tò síbẹ̀, tòdòdó tàbẹ́là, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹfun àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ṣọ́ ń yọjú wo ẹrù. Odelia da aṣọ ìnuwọ́ bo orí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìyẹn, Ìyá?"

"Ohun tá a fi ń tọ́jú òkú wa."

Ti-Nol wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ wò ó dáadáa o, ọ̀gá. Ó lè jẹ́ bàbá mi ló wà níbẹ̀, tó ń gbìyànjú àtipadà sílé."

Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ ṣe é pé kí wọ́n máa lọ.

Wọ́n kun ibojì. Wọ́n gbin àgbélébùú padà. Nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n tan àbẹ́là, ọ̀kan lórí òkú kan, títí gbogbo ibẹ̀ fi mọ́lẹ̀ bí ìkòkò iná. Fadá ń wọ́n omi mímọ́ láti ibojì dé ibojì. Lucien wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ó gba àyè díẹ̀, ó wá dúró níwájú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú akoto lórí. Òun ló tan àbẹ́là Anatole.

Fadá kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí òórùn náà dé. Adùn burúkú kan náà ni, tó ń ta ọ̀fun. Àwọn èèyàn fa áńkáṣíìfù yọ, wọ́n fi bo imú, wọ́n ń bá àdúrà lọ. Ó ti mọ́ wọn lára. Kezia bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Tàńtí Euphrasie fi apá rẹ̀ tó ń gbọ̀n gbá a mọ́ra. Kò wo ibi tí òórùn ti ń bọ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọwọ́ yẹn ni Odelia rí. Ó ṣí aṣọ kúrò lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó tan ẹ̀rọ oníbátìrì. Ó na ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀, ó sì dúró. Àbẹ́là wà níwájú, àbẹ́là wà lẹ́yìn, èéfín wọn ń lọ sókè tín-ín-rín. Má yí i níbi tí iná wà. Má yí i níbi tí èéfín wà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí. Ó tún un sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa àbẹ́là."

Fadá dúró. Ti-Nol yíjú. "Odelia, ṣé kò sí nǹkan? Láti ọdún tó kọjá ni òkú ti wà nínú òkùnkùn, ìwọ wá ní ká pa iná wọn?"

"Ẹ pa á. Èéfín rẹ̀ á bá a wọlé. Bí tínà ṣe bá ti ọjọ́sí wọlé."

Tàńtí Euphrasie gbé orí sókè. "Tínà wo?"

Odelia wo ọmọ rẹ̀. Lucien ń wò ó. Lókè, lẹ́yìn wáyà, àwọn òṣìṣẹ́ kan ti dúró lórí àtẹ̀gùn irin, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀.

"Tínà mi, Tàńtí. Ó wà lẹ́sẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo rí i. Mi ò gbé e kúrò."

"O gbàgbé."

"Mi ò gbàgbé. Mo rí i, mo sì fi í sílẹ̀. Nítorí Lucien."

Ikọ́ Kezia nìkan là ń gbọ́. Odelia rò pé wọn yóò bú òun. Ó ti múra sílẹ̀ de èébú, èébú ìbá tilẹ̀ rọrùn. Tàńtí Euphrasie wò ó títí, lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tún rí ọmọ tó ti nà láìṣẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ni mo ń bú láti ọjọ́ náà wá," ló wí. "Lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Lórí eékún mi."

"Tàńtí…"

"Má bá mi sọ̀rọ̀. A máa sọ ọ́ nílé, àwa àtìẹ." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ àbẹ́là ọkọ rẹ̀ pa. "Ti-Nol, kí lò ń wò? Pa iná ìyá ẹ."

Ti-Nol pa á. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa tirẹ̀. Òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń rìn bọ̀ láàárín ibojì bí ẹni tó mọ ọ̀nà, àwọn mìíràn ń sunkún bí wọ́n ṣe ń pa á. Fadá fúnra rẹ̀ pa èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ku ẹyọ kan, ti Anatole, lẹ́sẹ̀ Lucien.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó so mọ́ àyà Lucien dún. Ohùn ọ̀gá rẹ̀ ni. Ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń bi í ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Lucien ń wo àbẹ́là bàbá rẹ̀. Odelia kò lè bẹ̀ ẹ́. Ẹnu wo lèèyàn máa fi bẹ ọmọ pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn oúnjẹ rẹ̀? Ó di ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì mú, ó ń dúró.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ iná bàbá rẹ̀ pa.

"Ẹ yí i, Màmá," ló wí. "Kí atẹ́gùn tó yí padà."

Wọ́n dúró díẹ̀, kí èéfín òwú àbẹ́là tó lọ. Òórùn náà kò lọ. Odelia yí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nínú òkùnkùn, ó gbọ́ ọ̀rá náà tó ń wú, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń mí. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ẹ̀rọ àyà Lucien tún pe orúkọ rẹ̀, ó tún pè é. Fìtílà ẹ̀ṣọ́ ti ń bọ̀ láti ọ̀nà géètì.

Nígbà tí ọ̀rá kún, Odelia dí ẹnu rẹ̀, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ síwájú Tàńtí Euphrasie. Kò gbé ojú sókè. Ìyá arúgbó náà gbà á. Ó fi àwọn ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn fọwọ́ba ìdérí rẹ̀ yípo, ó ń wò ó bóyá ó le. Ó le.

"Ta ló de eléyìí?"

"Èmi ni, Tàńtí."

"Hùn." Ó gbé e fún Ti-Nol, ó da ṣọ́ọ̀lù rẹ̀ bò ó. "Máa gbé e lọ. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé bàbá ẹ ló ń padà sílé."

Kò tún sọ nǹkan kan fún Odelia. Ó mú Kezia lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣáná láti tún iná òkú rẹ̀ tàn. Odelia dúró síbẹ̀. Ìṣáná wà lápò rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun fi lọ̀ ọ́.